Búlọ́ọ̀kù Mẹ́tàlélógójì

Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n nínú àpò aláwọ̀ ewé.
Mo rà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú ní Albert Street,
pọ́n-ùn kan àti àádọ́ta pẹ́ńsì.
Ẹni tó tà á ní kò pé, ọ̀kan ti sọnù.
Mo ní kò burú, àwa náà kò pé.

Igi ni wọ́n. Ọ̀dà ti ṣí lára wọn.
Ọ̀kan ní ojú eyín lára,
eyín ọmọ kan tí a kò mọ̀ rí,
bóyá ó ti dàgbà, ó ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Perth.
Morádékẹ́ sọ èyí ní Ajágéjẹ,
òun ló fi ṣe ọlọ́dẹ.

Òjò Dundee kì í rọ̀ bí ẹni ń bínú,
ń ṣe ló ń rọ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ.
Láti àárọ̀ ló ti ń fi aṣọ tí kò mọ́ nu fèrèsé wa.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ òru,
níbi tí mo ti ń yí àwọn arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì
kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Mo na ara mi sórí àga, mo dijú,
mo ní, "Morádékẹ́, ṣeré jẹ́jẹ́, bàbá ń sùn."
Oorun kò wá. Etí mi ló ń ṣọ́lé.

Kọ́. Igi lórí igi.
Kọ́. Ó mí kanlẹ̀ bí bíríkìlà tí owó rẹ̀ kò tíì pé.
"Ibí ni pálọ̀. Ibí ni odò Tay.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ìwọ ni afárá, dùbúlẹ̀.
Màmá Ìgbájọ ń jáde bọ̀ látinú fóònù,
ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹ má kọ́ àtẹ̀gùn fún un.
Yàrá bàbá nìyí. Ọ̀sán ló máa ń sùn.
Mo ti dí fèrèsé rẹ̀
kí oòrùn má baà jí oorun rẹ̀ gbé."
Oòrùn wo? Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gbé e mì.

Ilé ń ga. Ó kọjá orókùn, ó kọjá ìdodo,
ó dé ibi tí ọmọ ọdún márùn-ún ti ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Ó ku ẹyọ kan.
Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń ṣáájú.

Gbàràmù!

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.
Ọmọ mi kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn,
ilẹ̀ ló wò,
torí láti ìsàlẹ̀, Ìyá Petrie ti fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀:
kọ́, kọ́, kọ́.

Mo fẹ́ dìde. Mo ti ń to Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀bẹ̀ léra wọn lẹ́nu,
sọ́rì lórí sọ́rì,
ṣùgbọ́n Morádékẹ́ ti mú ọlọ́dẹ,
ó kúnlẹ̀, ó kan ilẹ̀: kọ́, kọ́, kọ́.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Ìsàlẹ̀ dáhùn: kọ́. Jẹ́jẹ́.
Ọmọ kan méjì. Ìsàlẹ̀ kan méjì.
Obìnrin tí kì í kí mi lórí àtẹ̀gùn,
tó jẹ́ pé bàtà mi nìkan ló máa ń wò.

"Kí ló wí?"
"Ó ní kí n tún un kọ́. Ó ní kí n fi yàrá kan kún un."
"Fún ta?"
Ó pòṣé, gan-an bí ìyá rẹ̀.
"Ṣebí òun nìkan ló wà nísàlẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó sùn.
Nígbà tí mo jí, ìyá rẹ̀ ti dé, iná títì ti tàn,
ilé dúró láàárín èmi àti ilẹ̀kùn.
Wọ́n ti ṣí fèrèsé mi.
Mo gbẹ́sẹ̀ kọjá òrùlé,
mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́, nǹkan gún mi ní àtàǹpàkò:
Ajágéjẹ. Mo jù ú sápò kóòtù.

Níwájú ilẹ̀kùn Ìyá Petrie mo dúró.
Àtàǹpàkò mi ń ka ojú eyín náà nínú àpò,
ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta,
bọ́ọ̀sì sì ti ń bọ̀.